Bí Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ Ṣe Ń Fi Kún Ìmọ̀ Iṣẹ́ Wọn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Níbo gan-an ni ìmọ̀ tuntun nípa iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti ń wá?

Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, bí ẹnì kan bá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sílẹ̀. Ilé àyẹ̀wò àti eku ní ipa tiwọn, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò la orí èèyàn alààyè nítorí pé ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Ara aláìsàn tí iṣẹ́ abẹ tọ́ sí nìkan la ti ń rí i. Bí a kò bá kọ ohun tí a rí sílẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, mọ èyí dáadáa. Ó kó àkọsílẹ̀ kókó ọpọlọ tó lé ní 2,000 jọ: ìwé aláìsàn, àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà, fọ́tò, àti ègé kókó náà nínú ìgò. Àkójọ náà wà ní Yunifásítì Yale, ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ ohun tí Cushing sọ wò lè lọ wo ohun tó rí gan-an.

Ìmọ̀ a tún máa wá láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1926, Cushing kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ tí onímọ̀ físíìsì kan, William Bovie, ṣe, èyí tó ń fi iná mànàmáná gé ẹran ara tó sì ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni Cushing ti gbìyànjú láti yọ kókó orí aláìsàn yẹn kan náà, ẹ̀jẹ̀ kò sì jẹ́ kó parí iṣẹ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí yàrá iṣẹ́ abẹ kò lè ṣe aláìní.

Kí ló yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ tí èèyàn lè fi ṣe ìwádìí?

Kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Fọ́ọ̀mù tó ní ìbéèrè 200 kì í pẹ́ di òfìfo. Èyí tó ní 20, tí gbogbo ènìyàn ń kún tán, ló wúlò. Ọjọ́ orí aláìsàn, àìsàn tó ń ṣe é àti ibi tó wà nínú ọpọlọ, bó ṣe wà kí wọ́n tó gbé e wọlé, irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe àti ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ orí, ẹni tó mú abẹ gan-an (bó bá jẹ́ dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ni, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀), ẹ̀jẹ̀ tó sọnù, nọ́ńbà ohun èlò tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ara, àti àbájáde: ọjọ́ tó lọ sílé, ọjọ́ 30, oṣù 6, ọdún 1.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Èkíní ni kíkọ ọ́ lẹ́yìn tí a ti mọ bó ṣe parí. Nígbà náà, iyè ènìyàn á máa tún ìtàn tò láìmọ̀, kókó tó "dà bíi pé ó rọrùn" lánàá á di èyí tó "le láti ìbẹ̀rẹ̀" lónìí. Èkejì burú jù: àwọn aláìsàn tó pòórá. Ẹni tó kú sílé kì í padà wá sí kílíníìkì. Bí a bá wá ka àwọn tó padà wá nìkan, iṣẹ́ wa á dára lójú ju bó ṣe rí lọ. Oògùn rẹ̀ kò ju pé kí a gba nọ́ńbà fóònù ẹbí méjì, ó kéré tán, kí aláìsàn tó kúrò, kí ẹnì kan sì ní ojúṣe pípè wọ́n. Ẹni náà kò gbọdọ̀ jẹ́ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, torí aláìsàn kì í fẹ́ sọ fún ẹni tó gbà á là pé ọwọ́ òun kò ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń fi nọ́ńbà díwọ̀n ipò aláìsàn?

Kí dókítà méjì tí wọn kò rí ara wọn rí lè máa sọ nípa ohun kan náà. Ṣáájú ọdún 1974, ẹnì kan á kọ pé aláìsàn "ń tòògbé," ẹlòmíràn á kọ pé ó "dákú díẹ̀," kò sì sí bí a ṣe lè fi wọ́n wéra. Ọdún yẹn ni Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé òṣùwọ̀n Glasgow jáde, tó ń díwọ̀n bí aláìsàn ṣe wà lójúfò tó. Bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí, ojú lílà gba 1 sí 4, ọ̀rọ̀ sísọ 1 sí 5, gbígbé ara 1 sí 6. Àròpọ̀ tó kéré jù jẹ́ 3, tó ga jù jẹ́ 15.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíkọ àròpọ̀ nìkan. 9 lè jẹ́ ojú 4, ọ̀rọ̀ 1, ara 4. Ó sì lè jẹ́ ojú 2, ọ̀rọ̀ 2, ara 5. Aláìsàn méjèèjì kò rí bákan náà rárá. Ẹni tí wọ́n ti fi rọ́bà ìmí sí lọ́nà ọ̀fun kò lè sọ̀rọ̀, nítorí náà T ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé T yẹn, ẹni tó ń kà á lọ́dún mẹ́ta sígbà náà á rò pé aláìsàn ọ̀hún burú ju bó ṣe wà lọ.

Àwọn òṣùwọ̀n mìíràn wà fún àìsàn kọ̀ọ̀kan. Ti Spetzler àti Martin, tó jáde ní 1986, ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tó lọ́ mọ́ra: bó ṣe tóbi tó (kò tó sẹ̀ǹtímítà 3, 3 sí 6, tàbí ju 6 lọ), bóyá ó wà ní ibi tí ọpọlọ ń lò fún iṣẹ́ pàtàkì bí ọ̀rọ̀ tàbí ìrìn, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn jáde gba inú iṣan tó wà ní inú lọ́hùn-ún ọpọlọ. Ó rọrùn débi pé a lè ṣe é lórí àwòrán kan láàárín ìṣẹ́jú méjì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń lò ó.

Kí ni ìpàdé lórí ikú àti ìjàǹbá, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Ìpàdé abẹ́lé ni, tí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, láti wo ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Lójú tiwa, ìpàdé yìí ń kọ́ èèyàn ju àpérò ńlá èyíkéyìí lọ, ó sì rọrùn láti bà á jẹ́.

Kí àkójọ ohun tí wọ́n máa wò má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti yàn. Gbogbo ikú, gbogbo ẹni tí wọ́n dá padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ láàárín ọjọ́ 30, gbogbo àkóràn, gbogbo ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ fi àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ CT tàbí MRI yà hàn, á sì dúró níbẹ̀. Á bi àwọn tó jókòó pé kí ni wọn ì bá ṣe, kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ àbájáde ṣáájú, gbogbo wọn á di ọlọ́gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pín ìdí rẹ̀: ṣé ara aláìsàn ni, ṣé ìpinnu ni, ṣé ọwọ́ ni, àbí ètò ilé ìwòsàn?

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe ní eegun tí kì í ṣe òun ló ń dun aláìsàn. Ó rọrùn láti sọ pé dókítà kò fiyè sí i. Àmọ́ àwọn ènìyàn kan wà tí eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn lé ní márùn-ún tàbí kò pé márùn-ún, bí wọ́n bá sì kà á láti ìsàlẹ̀ lórí X-ray inú yàrá iṣẹ́ abẹ tí àwòrán MRI ti kà á láti òkè, nọ́ńbà méjèèjì kò ní bára mu. Ìpàdé tó dáa á parí sí ohun kan pàtó: kí wọ́n kọ ọ̀nà kíkà sínú ìwé kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n ya X-ray pẹ̀lú irin àmì lára eegun náà kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n sì fi orúkọ ẹni tí yóò rí sí i àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Ìpàdé tó parí sí "kí a túbọ̀ ṣọ́ra" kò yí nǹkan kan padà.

Dókítà kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ kan fún ènìyàn 30 láìsí ẹni tó kú. Ṣé ó ti dájú pé kò léwu?

Rárá. Ìṣirò kan wà tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀: bí ohun burúkú kan kò bá ṣẹlẹ̀ rárá nínú iye kan, ẹ fi iye náà pín 3. 3 pín sí 30 jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Ìyẹn ni pé ewu ikú gan-an ṣì lè tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, oríire lásán ló jẹ́ kí a má tíì rí i. Kí a tó lè sọ pé ewu kò ju ìdá 1 nínú 100 lọ, ènìyàn 300 ló gbọ́dọ̀ kọjá láìsí ikú kan. Ìdí rèé tí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo kì í fi í tó láti dá ìbéèrè lóhùn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké láti pín aláìsàn nínú ìwádìí?

Nítorí pé dókítà, láìmọ̀, á máa fi àwọn tó lágbára sí ọ̀nà tó fẹ́ràn. Kèké kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn tó wà níhà méjèèjì bá pọ̀ tó, wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà nínú ohun gbogbo àyàfi ìtọ́jú tí a ń dán wò.

Ìwádìí CRASH tó jáde ní 2004 ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣiyèméjì kà. Fún ohun tó lé ní 30 ọdún ni wọ́n fi ń fún àwọn tó fi orí ṣèṣe ní oògùn stẹ́rọ́ìdì, nítorí ó bọ́gbọ́n mu: ọpọlọ wú, oògùn náà ń dín wíwú kù nínú àìsàn mìíràn. Wọ́n wá pín 10,008 aláìsàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìdá 21.1 nínú 100 kú lára àwọn tó gba oògùn, ìdá 17.9 lára àwọn tí kò gbà á. Oògùn náà ń pa ènìyàn, kò sì sí dókítà kan ṣoṣo tó lè rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nítorí ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Èkejì jẹ́ ti 1985. Wọ́n ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ awọ orí pọ̀ mọ́ ti inú ọpọlọ láti dènà àrùn rọpárọsẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó rẹwà ni. Nínú ìwádìí tó ní ènìyàn 1,377, ìsopọ̀ náà ṣì là ní ìdá 96 nínú 100, síbẹ̀ rọpárọsẹ̀ kò dín kù. Àwọn kan jà pé ọ̀pọ̀ aláìsàn tó yẹ kó wọ inú ìwádìí náà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún níta, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìtumọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi ló jáwọ́ nínú lílò ó fún gbogbo ènìyàn.

Ṣé a lè gba àbájáde irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bó ṣe wà?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí ISAT ti 2002, wọ́n fi dídí ibi tó wú lára iṣan ẹ̀jẹ̀ láti inú, pẹ̀lú okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́, wé líla orí láti fi irin kékeré kan há ọrùn ibi tó wú náà pa. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó kú tàbí tí kò lè dá gbọ́ bùkátà ara wọn jẹ́ ìdá 23.7 nínú 100 níhà okùn irin, 30.6 níhà líla orí. Àmọ́ ènìyàn 9,559 ni wọ́n yẹ̀ wò, 2,143 péré ló wọlé: àwọn tí dókítà ti gbà pé ọ̀nà méjèèjì yẹ fún. Ẹni tí tirẹ̀ rí lọ́nà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ fún un kò sí nínú nọ́ńbà yẹn.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kà gẹ́gẹ́ bí àṣeyọrí. Ìwádìí RESCUEicp ti 2016, tó ní ènìyàn 408, wo yíyọ apá kan agbárí kúrò nígbà tí ìfúnpá inú rẹ̀ kọ̀ láti wálẹ̀. Lóṣù 6, ikú jẹ́ ìdá 26.9 nínú 100 dípò 48.9. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè láìmọ ohun tó ń lọ láyìíká wọn jẹ́ 8.5 dípò 2.1. Ẹni tó bá sọ apá àkọ́kọ́ fún ẹbí aláìsàn láìsọ èkejì kò sọ òtítọ́ tán.

Ẹ wo àkókò náà. Ìwádìí ARUBA ti 2014, lórí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ mọ́ra tí kò tíì ya, sọ pé fífi í sílẹ̀ sàn jù. Ìpíndọ́gba àkókò tí wọ́n fi tọpinpin kò ju oṣù 33 lọ, bẹ́ẹ̀ ewu yíya rẹ̀ wà títí ayé. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì tán.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú ọ̀nà iṣẹ́ abẹ tuntun wọlé?

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní IDEAL, tó jáde ní 2009: èrò lára ènìyàn kan tàbí méjì, títún un ṣe, gbígbé e lọ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, fífi í wé ti àtijọ́, àti ìtọpinpin ọlọ́jọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá tètè ṣẹ́ kèké, ọwọ́ kò tíì mọ iṣẹ́ náà, á jọ pé kò dára. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, gbogbo ènìyàn á ti gbà á gbọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa gbà kí wọ́n ṣẹ́ kèké fún òun.

Báwo ni ọwọ́ ṣe ń kọ́ ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ?

Lára òkú, lára ẹ̀yà ara ẹranko, àti lábẹ́ ojú ọ̀gá. Arthur Rhoton lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Florida láti máa ya àwòrán inú orí òkú lábẹ́ maikirosikóòpù, àwọn àwòrán náà sì wà fún gbogbo ayé láti wò. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pèsè orí bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe: wọ́n á fi rọ́bà kékeré sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn, wọ́n á fi omi fọ̀ wọ́n títí tí omi á fi mọ́ gaara, wọ́n á wá fa sílíkónì pupa sínú èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, búlúù sínú èyí tó ń gbé e jáde. Bí omi kò bá mọ́ tó, èépá ẹ̀jẹ̀ á dí ọ̀nà, àwọ̀ kò ní dé iṣan tín-ín-rín, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á sì gé wọn láìmọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Fún rírán iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà sílíkónì, wọ́n á bọ́ sórí iṣan ẹ̀jẹ̀ apá adìyẹ tó fẹ̀ tó bíi mìlímítà kan, kí wọ́n tó dé ara ẹranko alààyè. Òwú tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10-0 ni wọ́n ń lò, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí abẹ́rẹ́ gbá ògiri ẹ̀yìn mú, kí wọ́n sì rán iṣan náà pa. Ìdí sì ni pé wọn kò wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó fa òwú.

Ìmọ̀ ọwọ́ ń rìnrìn àjò pẹ̀lú ènìyàn. Gazi Yaşargil lọ kọ́ rírán iṣan tín-ín-rín lábẹ́ maikirosikóòpù lọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Donaghy, ní Burlington, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní àárín ọdún 1960 sí 1970, ó sì gbé e padà sí Zurich. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká.

Fídíò iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Ó wúlò gan-an, ó sì lè ṣini lọ́nà. Jọ́nà Neurosurgical Focus, tó jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1996, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka fídíò rẹ̀ ní 2019. Fídíò tó dáa fi ipò orí aláìsàn hàn, ibi tí wọ́n ti gé awọ, àti ibi tó ṣòro jù ní ìyára gidi láìgé nǹkan kúrò, lẹ́yìn náà àwòrán CT tàbí MRI lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti ipò aláìsàn lóṣù mélòó kan. Ìṣòro ni pé èyí tó lọ geere ni wọ́n ń gbé jáde. Fídíò ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ya, pẹ̀lú ohun tí dókítà ṣe láti dá a dúró, níye lórí ju mẹ́wàá tó mọ́ roro lọ.

Mo fẹ́ kọ nípa aláìsàn kan ṣoṣo. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe?

Ẹ gba àṣẹ aláìsàn lórí ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ orí, ẹ má kọ ọjọ́ ìbí. Orúkọ tó wà lójú àwòrán nìkan kọ́ lẹ máa pa rẹ́: orúkọ, nọ́ńbà àti déètì tún wà nínú fáìlì àwòrán náà fúnra rẹ̀, tí ojú kò rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà to ègé àwòrán MRI orí jọ, ojú aláìsàn á yọ bí ìgbà tí wọ́n yà á ní fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ pín gbogbo ègé náà, ẹ lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń gé iwájú orí kúrò.

Kí ló máa ń jẹ́ kí jọ́nà kọ ìwé ìwádìí padà?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí wọ́n ń rí jù: iye àwọn tó ṣe dáadáa wà, iye gbogbo àwọn tí wọ́n ṣe fún kò sí, ìdámẹ́ta aláìsàn pòórá, àwọn tó le jù wà níhà kan, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ ló tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ díwọ̀n àbájáde. Gírámà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ìwé.

Ṣé ilé ìwòsàn tó fọwọ́sowọ́pọ̀ lè yanjú ohun kékeré?

Ibẹ̀ gan-an ni èrè wà. Rọ́bà tó ń fa omi tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ lọ sí ikùn, tí wọ́n ń pè ní shunt, máa ń kó àkóràn. Ilé ìwòsàn ọmọdé mẹ́rin ní Àríwá Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbésẹ̀ 11 tí gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé: àkíyèsí lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ènìyàn má wọlé-jáde, ìbọ̀wọ́ ìlọ́po méjì, oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó gé awọ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ohun tuntun kankan nínú rẹ̀. Lórí iṣẹ́ abẹ 1,571, àkóràn wálẹ̀ láti ìdá 8.8 sí 5.7 nínú 100, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2011. Ní 2019, ìwádìí BASICS fi hàn pé rọ́bà tí wọ́n rẹ sínú oògùn apakòkòrò ní àkóràn nǹkan bí 2 nínú 100, èyí tó ní fàdákà àti èyí tí kò ní nǹkan kan jẹ́ 6.

Ṣé ibi tí ohun èlò pọ̀ sí nìkan ni ìmọ̀ ti ń wá?

Ní Mbale, ní Ùgáńdà, Benjamin Warf rí i pé ọmọ tó ní shunt tí ilé rẹ̀ jìnnà lè kú bí rọ́bà náà bá dí, kó tó dé ilé ìwòsàn. Ó wá da ọ̀nà méjì pọ̀: wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà lu ihò sí ìsàlẹ̀ yàrá omi ọpọlọ kí omi lè rí ọ̀nà gbà, wọ́n á sì jó ara ẹran tó ń ṣe omi náà. Ní 2017, ìwádìí oníkèké lórí ọmọ 100 ní Mbale kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín ọ̀nà yìí àti shunt lẹ́yìn oṣù 12. Fún ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà, ìyẹn tó ìdí láti yan ọ̀nà tí kò nílò rọ́bà. Dókítà láti ilẹ̀ olówó sì ti ń kọ́ ọ báyìí.

Owó àwọn tó ń ta ohun èlò, ṣé ó ń yí àbájáde padà?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 2011, The Spine Journal tún àwọn ìwé ìwádìí 13 tí ilé iṣẹ́ ṣagbátẹrù yẹ̀ wò, lórí oògùn kan tó ń mú kí eegun ẹ̀yìn so pọ̀. Ènìyàn 780 ló gba oògùn náà, àwọn ìwé yẹn kò sì ròyìn ìjàǹbá kankan tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Àyẹ̀wò náà sọ pé ìjàǹbá gan-an tó ìdá 10 sí 50 nínú 100, ó dá lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó. Láti ìgbà náà, ìpínrọ̀ tó ń sọ ẹni tó sanwó ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ kà.

Àwọn àpérò àti ẹgbẹ́ wo ló wà?

Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, WFNS, bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Àwọn orílẹ̀-èdè àti ẹkùn ní tiwọn. Nínú àpérò, ọ̀rọ̀ orí pèpéle sábà máa ń jáde nínú jọ́nà lẹ́yìn náà. Ohun tí kì í jáde ni èyí tí wọ́n ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nípa ohun tí wọ́n gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ lọ bá ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ìyẹn.

Aláìsàn ni mí. Kí ni mo lè béèrè?

Irú iṣẹ́ abẹ yìí mélòó ni ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá? Níbí, nínú ilé ìwòsàn yìí, kí ni àbájáde wọn rí, báwo lẹ sì ṣe mọ̀? Ta ló máa mú abẹ? Bí wọ́n bá ní kí ẹ wọ inú ìwádìí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, tàbí kí ẹ jáde lágbedeméjì, láìjẹ́ pé ìtọ́jú yín yí padà. Ìwé tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.